Lẹ́yìn tí kẹ́míkà bá dà sódò: bẹ́ ẹ ṣe lè mọ ohun tó kú àti ohun tó kù

Tí kẹ́míkà bá dà sódò, ẹja làwọn èèyàn kọ́kọ́ ń wò. Tí ẹja bá léfòó, ariwo ta nìyẹn, gbogbo fóònù á jáde, fídíò á kún Facebook, àmọ́ tí ẹja ò bá kú, wọ́n á ní odò ò níṣòro, kálukú á gba ilé ẹ̀ lọ. Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Lóṣù keje ọdún 2013, ní odò Kennet lápá gúúsù England, láàárín Marlborough sí Hungerford, omi mọ́ gaara, kò rùn, ẹja ń wẹ̀ kiri, ẹni tó bá ń kọjá lórí afárá ò ní fura sí nǹkan kan. Àwọn volunteer tí wọ́n máa ń ki àwọ̀n bọ odò yẹn lóṣooṣù láti ka kòkòrò ló rí i pé edé kéékèèké inú ẹ̀ ti kú lọ bẹẹrẹ, àwọn kòkòrò tó yẹ kó máa ràkò lábẹ́ òkúta ti di àwátì, bẹ́ẹ̀ ló sì rí fún nǹkan bíi kìlómítà 15. Chlorpyrifos ló ṣe é, oògùn apakòkòrò. Ó gba ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú omi ìdọ̀tí Marlborough wọnú odò, wọ́n sì ní iye tó ṣe gbogbo iṣẹ́ ibi yẹn lè má ju ṣíbí tíì méjì lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ni bí ẹni tí kì í ṣe onísáyẹ́ǹsì ṣe lè ṣe irú àyẹ̀wò yẹn, kó sì ṣe é débi tẹ́nikẹ́ni ò fi ní lè sọ pé àlá ló ń lá. Kò le, ohun tẹ́ ẹ sì máa lò ò wọ́n: àwọ̀n alápò tó ní igi gígùn, tí ihò ojú ẹ̀ ò ju mìlímítà kan lọ, bókẹ́ẹ̀tì méjì, tíréè funfun fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ṣíbí róbà, búrọ́ọ̀ṣì kékeré irú èyí táwọn ayàwòrán ń lò, awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, fóònù tẹ́ ẹ máa fi ka ìṣẹ́jú, ìwé àti pẹ́ńsù. Mo ní pẹ́ńsù o, kì í ṣe báírò, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ tó bá yá.

Ẹ má tíì kó sómi ṣá. Ìpè ló kọ́kọ́ yẹ kẹ́ ẹ ṣe. Tẹ́ ẹ bá wà ní England, Environment Agency ní nọ́ńbà tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, 0800 80 70 60. Tẹ́ ẹ bá wà ní Nàìjíríà, NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, ni, tàbí ministry of environment ìpínlẹ̀ yín, tó bá jẹ́ epo rọ̀bì ló dà, NOSDRA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí epo tó bá dà, ni. Ẹ má ní ẹ fẹ́ kọ́kọ́ kó ẹ̀rí jọ kẹ́ ẹ tó pè, torí májèlé ò dúró dè yín, omi ń gbé e lọ bẹ́ ẹ ṣe ń rò ó, bẹ́ ẹ bá pè tètè wọ́n lè bá a lójú ọ̀nà. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n mọ nǹkan tó dà. Tí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, tí omi ń rùn bíi pẹtiróòlù tàbí bíi ọṣẹ, tójú bẹ̀rẹ̀ sí í ta yín tàbí tórí ń fọ́ yín, ẹ dúró sẹ́bàá, ẹ ya fọ́tò, ẹ jẹ́ káwọn tó láṣọ ẹ̀ wọnú ẹ̀. Tó bá ṣeé wọ̀, bàtà róbà tó ga dé itan àti ìbọ̀wọ́ gígùn dé ìgúnpá, ẹni méjì ni kẹ́ ẹ jọ lọ, kò sí gúgúrú kò sí sìgá títí tẹ́ ẹ máa fi fọwọ́. Ìtọ̀ eku tó wà nínú odò England lè kó àìsàn burúkú ranni, odò tiwa nílé sì ní àtọ̀sí ajá, ẹ bi àwọn ará ẹ̀bá ìsédò Ọ̀yàn léèrè.

Tẹ́ ẹ bá lè bu omi, ẹ tètè bù ú, ìgò gíláàsì tí wọ́n ti fọ̀ dáadáa ló dáa fún oògùn kòkòrò torí ike máa ń fa irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ mọ́ra, tó bá jẹ́ pé irin bíi kọ́pà lẹ ń fura sí, ike ló dáa. Ẹ kún un dẹ́nu, ẹ dé e pa, ẹ gbé e sínú kúlà tó ní áìsì, kó má rí oòrùn. Àmọ́ ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé omi yẹn jù. Omi tẹ́ ẹ bù laago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò mọ ohun tó kọjá níbẹ̀ laago mẹ́ta òru. Ìdí tá a fi ń wá kòkòrò náà nìyẹn, wọn ò ríbi lọ, ohun tó bá kọjá lórí wọn lóru ti kọjá lára wọn.

Ó kan ibi tẹ́ ẹ máa yẹ̀ wò, èyí sì ṣe pàtàkì ju bẹ́ ẹ ṣe mọ kòkòrò pè lórúkọ lọ, èrò tèmi nìyẹn. Ibi kan gbọ́dọ̀ wà lókè odò, lókè ibi tí nǹkan ti dà, kó jẹ́ pé májèlé yẹn ò lè dé ibẹ̀ láéláé. Ibẹ̀ ni òṣùwọ̀n yín. Lẹ́yìn ẹ̀ ẹ mú ibi kan lábẹ́ ibi tó dà gan-an, ẹ tún mú méjì tàbí mẹ́ta sí i bẹ́ ẹ ṣe ń lọ sísàlẹ̀, títí tẹ́ ẹ máa fi dé ibi tí ẹ̀mí ti tún bẹ̀rẹ̀. Tí odò kékeré kan bá wọ inú odò yẹn lágbede méjì, ẹ yẹ òkè àti ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti pàdé wò, torí odò kékeré yẹn lè jẹ́ ọ̀nà tí májèlé gbà wọlé, ó sì lè jẹ́ òun ló ń gbé kòkòrò tuntun wá. Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ fáwọn èèyàn ni pé wọ́n á lọ mú ibi olókùúta tómi ti ń sáré lókè, wọ́n á wá mú ibi ẹlẹ́rẹ̀ tómi ti dúró nísàlẹ̀, wọ́n á ní kòkòrò ti dínkù. Ó máa dínkù kẹ̀! Kòkòrò tó ń gbé orí òkúta ò ní gbé inú ẹrẹ̀, kẹ́míkà dà o, kò dà o. Òkúta pẹ̀lú òkúta, ìjìnlẹ̀ kan náà, òjìji igi kan náà, bómi ṣe ń sáré kó jọra. Òkè tó mọ́ yẹn sì ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí àwọ̀n yín má baà gbé májèlé láti ìsàlẹ̀ lọ bá àwọn tí ò ṣe nǹkan kan.

Bí wọ́n ṣe ń kó o nìyí. Ẹ gbé àwọ̀n lélẹ̀ odò, kí ẹnu ẹ̀ kọjú síbi tómi ti ń bọ̀, kẹ́ ẹ dúró níwájú ẹnu ẹ̀ kẹ́ ẹ máa fi gìgísẹ̀ tú òkúta, omi á máa gbá ohun tó bá ṣí wọnú àwọ̀n. Ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko, ẹ máa sún sókè díẹ̀díẹ̀ kẹ́ ẹ má dúró sójú kan, kẹ́ ẹ sì pín ìṣẹ́jú yẹn bí ibẹ̀ bá ṣe rí, tí ewéko bá gba ìdá mẹ́rin ilẹ̀ odò, ìdá mẹ́rin àkókò yín ni kẹ́ ẹ lò nínú ewéko. Lẹ́yìn náà ẹ fi ìṣẹ́jú kan gbé òkúta ńláńlá lọ́wọ́, ẹ wo abẹ́ ẹ̀, àwọn kan lẹ̀ mọ́ ọn débi pé gìgísẹ̀ ò lè tú wọn. Iye ìṣẹ́jú kan náà ni kẹ́ ẹ lò níbi gbogbo, ẹ má ní ibí ò ní nǹkan ẹ jẹ́ ká fi méjì kún un, tẹ́ ẹ bá fi kún un, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa fi wéra mọ́.

Ẹ dà á sínú tíréè pẹ̀lú omi díẹ̀, ẹ jókòó, ẹ fara balẹ̀ kí ìdọ̀tí sinmi. Nínú odò tó yè, tíréè yẹn á máa mì fúnra ẹ̀ ni. Edé kékeré tí wọ́n ń pè ní Gammarus á máa fẹ̀gbẹ́ wẹ̀ kiri bíi pé wọ́n ń lé e, ọmọ mayfly, kòkòrò tó ń gbé inú omi kó tó yọ ìyẹ́ bíi ti stonefly àti caddis, á ta fìrì láti igun kan dé èkejì, ó ní ìrù mẹ́ta, àwọn nǹkan pẹlẹbẹ tó fi ń mí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn ẹ̀ tí wọ́n ń gbọ̀n. Stonefly ní tiẹ̀ ìrù méjì ló ní, ó máa ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ ni. Caddis ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ máa rí igi gbígbẹ kan tàbí ìdì iyanrìn kan tó dédé yọ ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ilé tó fi òkúta wẹ́wẹ́ kọ́ ló ń wọ́ kiri yẹn. Nínú odò tí oògùn kòkòrò ti kọjá, tíréè yẹn á dákẹ́. Edé á ká kò, àwọ̀ ẹ̀ á ti pọ́n bíi èyí tí wọ́n ti bọ̀, àwọn tí ò tíì kú tán á máa gbọ̀n lójú kan láìlè wẹ̀, caddis míì á ti jáde kúrò nílé ẹ̀ ní ìhòòhò.

Ẹ ka ààyè lọ́tọ̀, ẹ ka òkú lọ́tọ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án kẹ́ ẹ tó sọ pé ó ti kú. Awọ tí mayfly bọ́ sílẹ̀ nígbà tó ń dàgbà kì í ṣe òkú mayfly, ó fúyẹ́, ó ṣófo, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú ẹ̀ kọjá, ẹ má kà á. Ilé caddis tó ṣófo, ẹ má kà á. Karaun ìṣáwùrú tí ò ní ẹran nínú, ẹ má kà á. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ ka ọ̀kọ̀ọ̀kan títí dé ẹgbẹ̀rún. Nínú ètò Riverfly tí wọ́n ń lò ní Britain, ẹgbẹ́ kòkòrò mẹ́jọ péré ni wọ́n ń kà, tó bá jẹ́ 1 sí 9 lẹ rí nínú ẹgbẹ́ kan, máàkì 1, 10 sí 99 máàkì 2, 100 sí 999 máàkì 3, tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ máàkì 4. Ẹ ro gbogbo ẹ̀ pọ̀. Odò kọ̀ọ̀kan ní iye tí wọ́n ti fẹnu kò sí pé kò gbọ̀dọ̀ lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, tó bá ti já wálẹ̀, ìpè ni. Àwọn tí wọ́n rí ti Kennet, ohun tó ràn wọ́n lọ́wọ́ ni pé wọ́n ti ń kà á kí wàhálà tó dé, ẹni tó bá da omi síwájú á tẹlẹ̀ tútù.

Ibi tó dùn jù nínú iṣẹ́ yìí nìyí: ẹ wo àwọn tó yè, wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ ju òkú lọ. Òkú á ti bá omi lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹja á ti jẹ púpọ̀ nínú wọn, àmọ́ ẹni tó kù ń sọ irú májèlé tó wá fún yín. Tí edé, mayfly, stonefly àti caddis bá lọ, tí ìṣáwùrú, eṣúṣú àti ekòló inú omi sì wà níbẹ̀ láìkú, oògùn apakòkòrò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí, bó ṣe rí ní Kennet gan-an nìyẹn. Chlorpyrifos máa ń dí nǹkan tó ń dá iṣan dúró lára kòkòrò, iṣan á wá máa ṣiṣẹ́ lọ ràì bíi jẹnẹrétọ̀ tí bọ́tìnì tí wọ́n fi ń pa á ti bàjẹ́, kòkòrò á máa gbọ̀n títí tá á fi kú. Ẹja náà ní irú iṣan bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó máa ń pọ̀ gan-an kó tó pa ẹja, ìdí nìyẹn tí ẹja ṣe ń wẹ̀ lọ tí oúnjẹ ẹ̀ ti kú tán.

Tó bá yí padà, tó jẹ́ ìṣáwùrú ló kọ́kọ́ pòórá, ẹ fura sí kọ́pà, àbí ẹ ò rántí pé copper sulphate wà lára ohun tí wọ́n fi ń pa ìgbín tó ń gbé àtọ̀sí ajá. Tó bá jẹ́ mayfly pẹlẹbẹ tó ń lẹ̀ mọ́ òkúta ló lọ, tí caddis sì dúró, irin bíi zinc lè wà nínú ẹ̀, èyí máa ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń wa kùsà. Omi ṣáláńgá, mílíìkì, omi ilé ọtí, ìwọ̀nyí kì í fi májèlé pa nǹkan, afẹ́fẹ́ inú omi ni wọ́n ń gbà tán, stonefly ló máa kọ́kọ́ kú, lẹ́yìn náà àwọn ekòló pupa tẹ́ẹ́rẹ́ tó lè gbé níbi tí afẹ́fẹ́ ò sí á wá pọ̀ lápọ̀jù, yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ eérú á bo òkúta. Epo dísù máa ń pa àwọn tó ń gòkè wá mí lójú omi, bíi tanwíjí. Tó bá wá jẹ́ pé gbogbo ẹ̀ ló kú, títí dórí ekòló, nǹkan líle nìyẹn, ásíìdì, klóríìnì tàbí irú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní California lọ́jọ́ 14 oṣù keje ọdún 1991, nígbà tí rélùwéè kan yẹ̀ lójú irin níbi tí wọ́n ń pè ní Cantara, tí nǹkan bíi gálọ́ọ̀nù 19,000 metam sodium, oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko àti kòkòrò inú ilẹ̀ oko, dà sínú odò Sacramento, kò fi ẹja sílẹ̀, kò fi kòkòrò sílẹ̀ títí ó fi dé adágún Shasta. Àmọ́ ìtọ́ka ni gbogbo èyí o, láàbù ló máa fi orúkọ májèlé múlẹ̀, ẹ má lọ dárúkọ kọ́ńpìnnì ẹnikẹ́ni torí pé ẹ ò rí edé.

Àwọn nǹkan kan wà tó máa ń tan èèyàn. Mayfly máa ń yọ ìyẹ́ fò jáde kúrò lómi tí àsìkò ẹ̀ bá tó, ẹni tó bá wo odò lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e á rò pé wọ́n kú, wọ́n ti fò lọ ṣègbéyàwó ni. Ìdí tó fi yẹ kẹ́ ẹ fi oṣù kan náà lọ́dún tó kọjá wé oṣù yìí nìyẹn, kẹ́ ẹ sì wo òkè odò lọ́jọ́ kan náà, tó bá jẹ́ àsìkò ló kó wọn lọ, wọ́n á ti lọ lókè náà. Àkúnya omi ńkọ́, ó lè gbá ilẹ̀ odò mọ́ láìsí kẹ́míkà kankan, òun náà máa ń kan òkè àti ìsàlẹ̀ pọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń wá òkú, ẹ má wá a níbi tómi ti ń sáré, ẹ lọ wo ẹ̀yìn òkúta ńlá àti abẹ́ ewé tó kó jọ, ibẹ̀ lomi ń kó wọn sí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é nílé, ní Ògùn, Ọ̀ṣun tàbí odò kékeré ẹ̀yìnkùlé yín, ẹ má gbé máàkì òyìnbó yẹn wá ní odidi. Irú edé Gammarus yẹn kì í ṣe ti odò wa, stonefly tiwa ò tó nǹkan, tẹ́ ẹ bá ń retí wọn, odò tó mọ́ jù ní gbogbo Ìjẹ̀ṣà á féèlì. South Africa ti ṣe tiwọn tí wọ́n ń pè ní SASS5, òun náà, odò ibẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni kẹ́ ẹ fi òkè odò yín wé ìsàlẹ̀ odò yín, kẹ́ ẹ ka edé tiwa, akàn, ọmọ lámilámi, mayfly, ìṣáwùrú. Púpọ̀ odò wa iyanrìn ni nísàlẹ̀, kò sí òkúta tẹ́ ẹ máa fi gìgísẹ̀ tú, ẹ̀bá odò ni kẹ́ ẹ ti ki àwọ̀n bọ abẹ́ koríko àti gbòǹgbò igi tó wọ omi, kẹ́ ẹ máa gbọ̀n ọ́n. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ṣeé ṣe jù, tí òjò bá ti dé, omi á pọ́n, á sì jìn ju ẹ̀mí yín lọ. Ó sì yẹ ká máa ṣe é, torí àwọn kan ṣì ń da Gamalin 20 sódò láti fi pẹja, oògùn kòkòrò kòkó ni Gamalin 20 o! Ẹja tí wọ́n bá kó lọ ọjà lónìí, ohun tí ọmọ ẹja tó kù máa jẹ lọ́la ni wọ́n pa.

Ẹ padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn oṣù kan, lẹ́yìn náà ẹ máa lọ ní gbogbo àsìkò títí ọdún á fi yí po. Àwọn tó níyẹ̀ẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ padà, àgbà wọn á fò wá láti odò míì wá yé ẹyin, àwọn míì á bá omi ṣàn wálẹ̀ láti òkè tí nǹkan ò ti ṣe, ìdí nìyẹn tí ìparun apá ìsàlẹ̀ fi sàn ju ìparun tó bẹ̀rẹ̀ láti orísun. Edé ò níyẹ̀ẹ́, ìṣáwùrú ò níyẹ̀ẹ́, wọ́n á pẹ́. Tí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé odò ti padà bọ̀ sípò torí kòkòrò ti wà níbẹ̀, ẹ bi í pé kòkòrò wo. Tó bá jẹ́ èyí tó ń fò nìkan ló rí, ẹ ní kó ṣì dúró ná.

Ní ti ẹ̀rí, ẹ ya tíréè ní fọ́tò kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, kẹ́ ẹ fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tó bá máa di ẹjọ́, ẹ kó gbogbo sáńpù sínú ìgò pẹ̀lú ọtí sípírítì tó tó ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ pààrọ̀ sípírítì yẹn lọ́jọ́ kejì torí omi ara kòkòrò á ti là á. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ odò, ibi tẹ́ ẹ ti kó o, ọjọ́, aago àti orúkọ ẹni tó kó o sórí ìwé kékeré, inú ìgò ni kẹ́ ẹ sọ ìwé náà sí, kì í ṣe ara ìgò. Báírò ló máa ń yọ́ dànù nínú sípírítì, pẹ́ńsù ò ní yọ́. Ìgò kan fún ibi kan, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Ẹni tẹ́ ẹ bá gbé e fún, ẹ ní kó sáìn, títí kan òṣìṣẹ́ ìjọba, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ìwé tó sáìn sí. Tí kò bá ní í di ẹjọ́, tí omi ti mọ́, ẹ da àwọn tó yè padà síbi tẹ́ ẹ ti kó wọn, ẹ fọ àwọ̀n àti bàtà, ẹ sá a gbẹ kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sí odò míì.